Ẹ Má Tíì Sanwó: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Ẹ̀rọ AI Wò Kó Tó Fi Ẹ̀tọ́ Du Èèyàn Yín

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi ṣáá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bi mí, ìyá kan tó ní ilé-ìwé bi mí, ọ̀gá kan tó ń gba èèyàn síṣẹ́ náà tún bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Wọ́n gbé ẹ̀rọ AI kan wá bá wa, wọ́n ní òun lá máa sọ ẹni tó yẹ ká fún àti ẹni tí ò yẹ, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ò ní pa àwọn èèyàn wa lára?" Mo ti fi voice note dá púpọ̀ nínú wọn lóhùn, àmọ́ voice note kì í pẹ́ sọnù, torí náà mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí kẹ́ ẹ lè máa tẹ̀ lé e bó ṣe wà, kẹ́ ẹ sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀rọ AI tí mò ń sọ níbí ni ètò kọ̀ǹpútà tó kọ́ nǹkan láti ara àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá, tó wá ń fìyẹn sọ ohun tó rò nípa ẹni tuntun.

Kí n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó máa jìyà tí ẹ̀rọ yẹn bá ṣìṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ, kó tó di pé ẹ ń wo ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà fún oṣù kan, wọn ò sì ní bi ìyá kan ṣoṣo nínú ọjà léèrè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 600, wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tó máa wo fóònù àti àkọsílẹ̀ kálukú, táá wá fún un ní máàkì láti 0 dé 100, tẹ́ni tí máàkì ẹ̀ ò bá tó 50 ò sì ní rówó yá. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn ni tiyín, ẹ kàn pààrọ̀ orúkọ, ọ̀nà ẹ̀ ò yàtọ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kó àwọn nǹkan yìí jọ:

- Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ọ̀kan mọ kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan mọ iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ dunjú, kí ó kéré tán méjì jẹ́ àwọn tí ẹ̀rọ náà máa ṣèpinnu lé lórí. Kì í ṣe ìyàwó alága o, ẹni tó ń tọrọ owó yá gan-an ni mò ń sọ.
- Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀rọ ńlá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Ìwé kan tàbí Excel tẹ́ ẹ ó máa kọ gbogbo nǹkan sí, pẹ̀lú déètì.
- Agbára láti sọ pé "a ò rà á mọ́."

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, tí alága ti ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn tó tà á, kò sí àyẹ̀wò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mọ́ tó kọjá pé kẹ́ ẹ kọ̀wé tẹ́ ẹ ó fi bo ara yín. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá àgbà. Ẹ má kọ "ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́," ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀rọ yìí ń wo [kí ni], lára [ta ni], ó ń sọ pé [kí ni], ẹni tó ń fọwọ́ sí i ni [ta ni], tó bá sì sọ pé rárá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn náà ni [kí ni]."

Ti ẹgbẹ́ tiwa yìí: "Ẹ̀rọ yìí ń wo iye ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ dá owó, irú fóònù tó ń lò, àdúgbò tó ń gbé àti nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹ̀, ó ń fún un ní máàkì, akọ̀wé ló ń fọwọ́ sí i, tí máàkì bá kéré, kò ní rówó kó ọjà."

Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe tú àṣírí. Kí ni irú fóònù kàn nínú ọ̀rọ̀ ká san gbèsè? Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà inú fóònù ṣe? Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí ni irú ìbéèrè yẹn máa ń jáde.

Ẹ kíyè sí i: ẹ kọ ohun tí ẹ ò ní lò ó fún náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti fi yáni lówó, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹnì kan lè ní ká fi yan ẹni tó máa jẹ́ olórí ìsọ̀ tàbí ẹni tá a máa lé kúrò nínú ẹgbẹ́. Tí ẹ ò bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn látòní, wọ́n á gba ibẹ̀ wọlé.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka gbogbo àwọn tó kàn, títí kan àwọn tí ò mọ̀ pé ó kan àwọn

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ kọ. Ẹ má dúró síbẹ̀.

Ìyá kan ládùúgbò wa, aláṣọ ni, kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ áàpù kankan rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì tó aago méje, fóònù ẹ̀ dún, ó ní kí n bá òun ka nǹkan tó wọlé. Àwòrán ọmọbìnrin kan tó máa ń bá a ran aṣọ ni, wọ́n kọ "OLÈ" gàdàgbà sórí ẹ̀ ní pupa, wọ́n ní kí màmá bá àwọn sọ fún un kó wá san owó tó yá lọ́wọ́ áàpù wọn. Ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ọmọ yẹn ló fi ránṣẹ́ sí, pásítọ̀ ẹ̀ àti àwọn àna ẹ̀ wà níbẹ̀. Màmá yẹn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kàn ń fi ìka nu ojú fóònù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn máa parẹ́. Màmá yìí ò sí nínú ìwé àdéhùn kankan, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kàn án.

Irú ìyà yìí wọ́pọ̀ débi pé ní 2023 Google fòfin dè é lórí Play Store, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù sórí fóònù, pé áàpù owó-yíyá kankan níbẹ̀ ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù èèyàn mọ́. Tí ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín bá ṣì ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́nà míì, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ nìyẹn.

Ẹ kọ àwọn yìí sílẹ̀ ó kéré tán:

1. Ẹni tí ẹ̀rọ máa ṣèpinnu lé lórí.
2. Àwọn tí orúkọ tàbí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ ẹni yẹn.
3. Àwọn tí ò tiẹ̀ ní lè wọlé rárá: ẹni tí ò ní fóònù ńlá, ẹni tí ojú ń dùn, ẹni tí ò lè kàwé.
4. Òṣìṣẹ́ tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ fún èèyàn pé "kọ̀ǹpútà ló ní rárá." Òun ni wọ́n máa bú.
5. Àwọn tó bá wọn to dátà, ìyẹn ìsọfúnni tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà (kì í ṣe dátà tá a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì o). Ní January 2023, ìwé ìròyìn Time gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Nairobi tó ń ka ọ̀rọ̀ burúkú kí ẹ̀rọ AI lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, owó wọn ò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan. Ẹ lè má lágbára lórí ìyẹn, àmọ́ ẹ lè bèèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá wọn. Ẹ wá èèyàn mẹ́wàá, ẹ lọ sí ìsọ̀ wọn, ẹ má pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì, torí ní ọ́fíìsì wọ́n á sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí lẹ rò pé ẹ̀rọ yìí máa wò lára yín? Tó bá ní rárá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́sẹ̀ yẹn? Ta lẹ máa lọ bá? Ẹ kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un sọ lẹ́yìn wọn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ so ìpalára kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀tọ́ tó kàn

Ẹ ò nílò lọ́yà níbí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti to ẹ̀tọ́ sílẹ̀, àwọn tí ẹ̀rọ sì máa ń kọlù jù nìyí:

- Abala 34, iyì ọmọnìyàn. Àwòrán tí wọ́n kọ "OLÈ" sí yẹn, ibí ló ti bọ́.
- Abala 36, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni kí wọ́n tó dájọ́. Ilé ẹjọ́ àti ìjọba ni abala yìí dojú kọ gan-an, àmọ́ ìbéèrè inú ẹ̀ wúlò fún yín náà: ṣé ẹni tí ẹ̀rọ kọ̀ rí ibi tó ti máa sọ tẹnu ẹ̀?
- Abala 37, àṣírí ara ẹni, ti ilé, ti fóònù àti ti lẹ́tà.
- Abala 39, òmìnira láti sọ̀rọ̀, pàápàá tí ẹ̀rọ bá ń pa ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ́.
- Abala 42, kí wọ́n má ṣe yà ẹnì kan sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn tàbí torí pé obìnrin ni.

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti 2023, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, náà wà ńlẹ̀. Abala 37 òfin yẹn (nọ́ńbà kan náà ni, òfin ló yàtọ̀) sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ṣèpinnu tó lágbára lórí òun. Ó ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, bíi kí èèyàn fọwọ́ sí i tàbí kó jẹ́ pé àdéhùn nílò ẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú ìyẹn náà, ẹni yẹn ṣì lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara dá sí i, kó sọ èrò tiẹ̀, kó sì tako ìpinnu náà. Abala 28 tún ní tí iṣẹ́ dátà kan bá lè kó èèyàn sí ewu ńlá, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí o: àyẹ̀wò dátà nìkan kọ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀tọ́. Ẹ̀rọ lè pa dátà mọ́ dáadáa, kí àṣírí má tú rárá, kó sì máa fojoojúmọ́ kọ gbogbo opó tó wà nínú ọjà. Ẹ wo méjèèjì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bi àwọn tó ń tà á

Kí wọ́n fi ìwé dáhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ìpàdé kì í ṣe ìdáhùn.

1. Dátà àwọn wo lẹ fi kọ́ ẹ̀rọ yìí? Ìlú wo, ọdún wo?
2. Nǹkan mélòó ló ń wò, kí sì ni wọ́n? Ẹ tò ó fún wa.
3. Ó máa ń ṣìṣe nígbà mélòó, fún obìnrin, fún ọkùnrin, fún àgbà, fún ọ̀dọ́? Ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn.
4. Tó bá kọ ẹnì kan, ṣé ó lè sọ ìdí ẹ̀ lọ́rọ̀ tí èèyàn máa yé?
5. Ta ló ni dátà wa tá a bá kúrò lọ́dọ̀ yín, ìgbà wo lẹ sì máa pa á rẹ́?
6. Ṣé a lè yí ìpinnu ẹ̀ padà láìpè yín?

Tí wọ́n bá ní "àṣírí iṣẹ́ wa nìyẹn" sí ìbéèrè kẹta tàbí ìkẹrin, ó tó láti dá dúró níbẹ̀. Àṣírí ẹni tó ń ta ata ni iye ata tó fi sí i, kì í ṣe bóyá ata yẹn ń pa èèyàn.

Ìbéèrè kejì lẹ máa fara balẹ̀ sí jù. Ẹ̀rọ lè má bèèrè bóyá èèyàn jẹ́ tálákà, kó sì ti mọ̀ láti ara fóònù tó ń lò. Ó lè má bèèrè ẹ̀yà, kó sì ti mọ̀ láti ara orúkọ tàbí àdúgbò. Ní England lọ́dún 2020, nígbà tí kòrónà ò jẹ́ káwọn ọmọ ṣe ìdánwò, wọ́n lo ìṣirò kọ̀ǹpútà láti fún wọn ní èsì A-level, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, ìṣirò yẹn sì ń wo bí ilé-ìwé wọn ṣe ṣe láwọn ọdún tó kọjá. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èsì ló wá kéré sí ohun táwọn olùkọ́ fi ránṣẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé tó wà ní ilé-ìwé tí ò ní orúkọ, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ilé-ìwé rọ̀ sí i lọ́rùn. Àwọn ọmọ jáde síta, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, nígbà tó fi máa di August 17 ìjọba ti kó gbogbo ẹ̀ dà nù. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ "ẹ fìyà jẹ àwọn ọmọ tálákà" sínú ìṣirò yẹn, àmọ́ àwọn ló jẹ ẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò fúnra yín, lára àwọn èèyàn tiyín

Ibí ni mo máa ń rọ èèyàn pé kí wọ́n lo àkókò wọn sí. Ọ̀rọ̀ táwọn tó ń tà á sọ, ìlú míì ni wọ́n ti dán an wò, ojú míì ni wọ́n sì fi wò ó. Ní 2018, àwọn olùṣèwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, yẹ ẹ̀rọ kọ́ńpìnì mẹ́ta wò, ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn táá sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lára ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀ ò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lára obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó gòkè dé 34.7. Ẹ̀rọ kan náà o. Ẹni tó bá tà á fún yín á sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," kò sì parọ́, àmọ́ kì í ṣe fún yín.

Orúkọ. Ẹ kọ orúkọ kan náà lónírúurú: Ọláwálé, Olawale, OLAWALE, orúkọ bàbá ṣáájú, orúkọ bàbá lẹ́yìn. Ẹ kọ Bọ́sẹ̀ àti Abọ́sẹ̀dé fún ẹnì kan náà. Àìmọye èèyàn ni orúkọ wọn ní báńkì yàtọ̀ sí ti NIN torí pé akọ̀wé kan ló gbàgbé lẹ́tà kan. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ máa pè wọ́n ní oníjìbìtì.

Ìka. Tí ẹ̀rọ bá ń gba ìtẹ̀ka, ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ ti jẹ ìka wọn. Mo jókòó ti ìyá kan tó ti ń dín gàrí fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó tẹ àtàǹpàkò, ẹ̀rọ kọ̀. Ó nù ún mọ́ ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n ní kó fi omi sí i, ó fi omi sí i. Nígbà kẹrin ó yọ ọwọ́ ẹ̀, ó wò ó, ó ní "ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?" Ìka yẹn dán bí àwo, iná ti jó gbogbo ìlà inú ẹ̀. Ọmọ tó di ẹ̀rọ mú ní kó padà wá lọ́la, bí ẹni pé ìlà máa hù lálẹ́. Irú èèyàn báyìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ojú. Ẹ ya fọ́tò lábẹ́ ìbòrí ìsọ̀, níbi tí iná ò pọ̀, pẹ̀lú fóònù tó ti pẹ́. Ẹ pe ẹni tó ní ilà lójú, ẹni tó wé gèlè, ẹni tó lo híjáàbù.

Èdè. Tó bá ń gbọ́ ohùn, ẹ jẹ́ kí ará Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀, kí ará Èkìtì sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan da Yorùbá mọ́ Òyìnbó bá a ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Tó bá ń ka ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ìṣirò kékeré yìí:

1. Ẹ mú 40 èèyàn tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé wọ́n máa ń san gbèsè pé, obìnrin 20, ọkùnrin 20.
2. Ẹ ti orúkọ wọn wọ ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn ṣáájú o.
3. Ẹ ka iye tó gbà wọlé. Ká ní ó gba ọkùnrin 18, ìyẹn 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá gba obìnrin 12, ìyẹn 60.
4. Ẹ fi tèyí tó kéré pín sí tèyí tó pọ̀: 60 sí 90, ó jẹ́ 0.67.
5. Tó bá ti wálẹ̀ ju 0.80 lọ, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n 0.80 yìí, ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n ti ń lò ó látọdún 1978.
6. Ẹ tún un ṣe fún àgbà àti ọ̀dọ́, fún onífóònù ńlá àti onífóònù kékeré.

Èèyàn 20 kéré láti fi búra pé ẹ̀rọ ń ṣojúsàájú. Ó tó láti fi pe àwọn tó tà á kí wọ́n wá ṣàlàyé, kẹ́ ẹ sì má sanwó títí wọ́n á fi ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà, tó bá jẹ́ 0.95, kò túmọ̀ sí pé ó ti mọ́, ẹ ṣì máa wo àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bèèrè ìdí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọn bí ìpalára náà ṣe wúwo tó

Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á ka iye èèyàn nìkan: "mẹ́ta péré ni nínú 600, kò tó nǹkan." Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2011 lórí iṣẹ́ ajé àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kẹ́ ẹ wo nǹkan mẹ́ta:

- Báwo ló ṣe dun èèyàn náà tó?
- Èèyàn mélòó ló kàn?
- Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ̀kẹta ló máa ń dẹ́rù bà mí jù. Owó tí wọn ò rí yá lóṣù yìí, wọ́n lè rí i lóṣù tó ń bọ̀. Orúkọ tó bàjẹ́ níwájú àna ńkọ́?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Netherlands. Ọ́fíìsì owó-orí wọn lo ẹ̀rọ kan láti fi wá ẹni tó ṣeé ṣe kó ń lu jìbìtì nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún òbí fún ìtọ́jú ọmọ. Bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn tàbí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn wà lára ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ìdílé ni wọ́n ní kó dá gbogbo owó padà, nígbà míì torí pé wọn ò fọwọ́ síbì kan nínú fọ́ọ̀mù. Ilé tú, ìgbéyàwó fọ́, àwọn ọmọ tó lé ní 1,000 nínú àwọn ìdílé yẹn ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ òbí wọn. Ní January 15, 2021, gbogbo ìjọba yẹn kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn máa san €30,000 fún òbí kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa fi €30,000 ra ọdún tí ọmọ ò fi sí nílé padà?

Torí náà, ẹ to ìpalára yín láti èyí tí ò ṣeé tún ṣe wá sí èyí tó ṣeé tún ṣe. Ẹ yanjú tòkè kẹ́ ẹ tó kan tìsàlẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ẹnì kan ló kàn.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pinnu, kẹ́ ẹ kọ ọ́

Ìpinnu mẹ́rin ló wà, ẹ mú ọ̀kan:

1. A ò lò ó. Ìpinnu gidi nìyí, kì í ṣe ìjákulẹ̀.
2. A máa lò ó tí wọ́n bá yọ nǹkan báyìí-báyìí kúrò. Fún ẹgbẹ́ tiwa yìí: irú fóònù, àdúgbò àti nọ́ńbà inú fóònù máa kúrò, ìdáwó nìkan ló máa kù.
3. A máa lò ó láti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan. Ẹni tí ẹ̀rọ bá gbà, ó ti wọlé. Ẹni tí kò bá gbà, ìgbìmọ̀ máa gbọ́ ọ fúnra wọn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹgbẹ́ kékeré.
4. A máa lò ó bó ṣe wà, ìdí wa nìyí, ẹni tó fọwọ́ sí i nìyí.

Ẹ má jẹ́ kí "èèyàn ló ń fọwọ́ sí i níkẹyìn" tàn yín. Tí akọ̀wé bá ní 80 fọ́ọ̀mù láàárọ̀ kan, tí ẹ̀rọ ti kọ "RÁRÁ" ní pupa sórí ẹ̀, òun náà á kàn máa tẹ òǹtẹ̀ ni. Ẹ fún un láyè, ẹ fún un lágbára láti yí i padà, kẹ́ ẹ sì máa ka iye ìgbà tó yí i padà lóṣù. Tó bá jẹ́ òdo, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ṣèpinnu.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ibi tí èèyàn máa gbé ẹjọ́ wá

- Kí orúkọ ẹnì kan àti nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ògiri, ní Yorùbá.
- Kí èèyàn lè fi ẹnu sọ ọ́, kó má jẹ́ ímeèlì nìkan.
- Kí ẹ dáhùn láàárín ọjọ́ méje.
- Kí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ra ẹ̀rọ.
- Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè gba ọ̀dọ̀ NDPC lọ, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, tí ọ̀rọ̀ ò bá lójú lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ẹ má fi pa mọ́.

## Tí ẹ ò bá ní owó tàbí àkókò

Ẹ ṣe Ìgbésẹ̀ 1, èèyàn mẹ́wàá inú Ìgbésẹ̀ 2, àti ìdánwò orúkọ àti ìka inú Ìgbésẹ̀ 5. Ọjọ́ mẹ́ta tó o, ó sì sàn ju kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Òyìnbó dáadáa, ìjọba Canada gbé ìbéèrè kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń gbé ẹ̀rọ sí ìpele 1 dé 4 gẹ́gẹ́ bí ewu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, ẹ yọ èyí tí ò kàn yín kúrò. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kan náà lè pawọ́ pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kí kálukú dán an wò lára èèyàn tiẹ̀.

## Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn

- [ ] Gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 1 wà nínú àdéhùn, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ ò ní lò ó fún
- [ ] Àwọn tó ń tà á ti fi ìwé dáhùn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà
- [ ] Ẹ ti dán an wò lára èèyàn tiyín, nọ́ńbà ẹ̀ sì wà nílẹ̀
- [ ] Ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó kàn ti ka ìwé náà, tàbí ẹ ti kà á sí wọn létí
- [ ] Ẹ lè jáde nínú àdéhùn láìsan owó ìtanràn tó bá ń pa èèyàn lára
- [ ] Déètì àyẹ̀wò tó kàn wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé

Déètì yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìgbàkígbà tí àwọn tó tà á bá ní àwọn ti ṣe update, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5 pẹ̀lú 40 èèyàn yẹn lọ́jọ́ kan náà, torí ẹ̀rọ tó gbà wọ́n wọlé lánàá lè kọ̀ wọ́n lónìí, kò sì sẹ́ni tó máa pè yín láti sọ fún yín.